Ògiri Ìta Gẹ́gẹ́ Bí Àkọsílẹ̀ Ìtàn: Bí Ẹ̀rọ Amúnáwá Ṣe Wọ Ilé ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Bí onímọ̀ ìtàn bá gbọ́ orúkọ Ìkìrun, Ogun Jálumi ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878 ni wọ́n ja ogun náà, Samuel Johnson sì ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Bí ó bá jẹ́ Òkukù ni wọ́n dárúkọ, oríkì ni yóò wá sí wa lọ́kàn, nítorí ìwé tí Karin Barber kọ lórí oríkì ìlú náà ní ọdún 1991. Ti Ìnísà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, àfi bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ ojú irin tí ó gba agbègbè náà kọjá láti Òṣogbo lọ sí Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1907 sí 1908. Ogun, oríkì àti ojú irin, gbogbo wọn ló ti rí ẹni kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kò sí nínú fáìlì ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni gbangba ló wà, tí a ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ògiri ìta ilé wa ni.

Ẹ dúró níwájú ilé kan tí ó ti tó ogójì ọdún ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú mẹ́ta yìí, kí ẹ sì ka ògiri rẹ̀. Lókè, lábẹ́ páànù, ẹ ó rí wáyà tí ó ti orí òpó wá. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mítà àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wà, tàbí ojú ibi tí wọ́n ti yọ ọ́, pẹ̀lú mítà tuntun tí a ń ra káàdì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára fèrèsé, ẹ ó rí ibi tí awẹ́ gíláàsì kan ti kúrò tí wọn kò sì dá a padà. Ẹ ó rí ihò tí ẹnì kan fi ìṣó àti òòlù lu, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí láàbọ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àpótí irin kan wà tí ó ní ọwọ́ gígùn: ṣéńjóófà ni. Bí ilé náà bá sì jẹ́ tuntun, tàbí bí ọmọ onílé kan bá wà ní òkè òkun, ẹ lè rí àpótí kékeré kan lára ògiri ẹ̀yìn, tí ó ní ìdérí, tí ìka irin mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Ínléẹ̀tì ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é. Èmi yóò pè é ní ẹnu ìgbaná, nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fúnni ní iná ni, ṣùgbọ́n èyí ń gbà á ni.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí wáyà ẹ̀rọ amúnáwá ti wọ ilé ni onílé ti di ilé-iṣẹ́ iná fún ara rẹ̀. Ọ̀nà tí wáyà náà ń gbà wọlé ti yí padà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ó kéré tán, ìyípadà kọ̀ọ̀kan ló sì gbé ojúṣe kan tí ó jẹ́ ti ìjọba tẹ́lẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ onílé. Èyí tí ó wúwo jù nínú àwọn ojúṣe náà ni pé kí ẹlòmíràn má kú.

Ìtàn iná mọ̀nàmọ́ná láti òkè ti di mímọ̀, n kò ní fà á gùn. Èkó ni ó kọ́kọ́ dé ní òpin sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Àwọn kan kọ 1896, àwọn mìíràn kọ 1898. Òfin ọdún 1950 ni ó dá ECN sílẹ̀. Ìdídò Kàǹjì bẹ̀rẹ̀ sí pèsè iná ní ìparí ọdún 1968, nígbà tí ó sì di ọdún 1972, wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tí ó ń bójú tó ìdídò náà, wọ́n sọ ọ́ di NEPA. Òfin ọdún 2005 sọ NEPA di PHCN. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba gbé iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, agbègbè tiwa sì bọ́ sí abẹ́ èyí tí ó wà ní Ìbàdàn. (Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìṣekòńgẹ́ yóò ti rí i pé ọjọ́ Jálumi gan-an nìyẹn. N kò rí ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fo Òṣogbo dá. Ìlà iná ńlá tí ó wá láti Kàǹjì gba Jẹ́bà dé Òṣogbo kí ó tó kọjá sí Ìbàdàn àti Èkó, Òṣogbo náà sì ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà. Láti Ìkìrun dé ibẹ̀, kò tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀. Sísúnmọ́ yìí kò ṣe wá ní àǹfààní tí ènìyàn lè retí. Ní ọdún 2024 nìkan, ìgbà tí àwọn ìwé ìròyìn kà pé iná gbogbo orílẹ̀-èdè dojú dé ju mẹ́wàá lọ, nígbà kọ̀ọ̀kan ni ariwo ẹ̀rọ amúnáwá sì ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà láti Ìkìrun dé Òkukù. Ayodeji Olukoju, nínú àròkọ rẹ̀ tí ó jáde nínú African Affairs ní ọdún 2004, ti jẹ́ kí a rí àwọn oníbàárà Nẹ́pà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wá ọgbọ́n dá sí ìyà tí ń jẹ wọ́n. Ọ̀nà tí ó là ni mò ń tọ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ yà díẹ̀ ni pé ọgbọ́n náà fi ojú àpá sílẹ̀ lára ilé, a sì lè fi ojú àpá náà to ìtàn.

Kí a tó dé ara ògiri, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí èdè ń sọ. "Wọ́n ti mú iná wá." "Wọ́n ti mú iná lọ." Ta ni "wọ́n"? Kò sí ẹni tí ń béèrè. Arọ́pò-orúkọ yìí kan náà ni a ń lò nígbà tí a kò mọ olùṣe tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, òun náà ni a ń lò fún ọ̀wọ̀. Nínú gbólóhùn iná, ìlò méjèèjì wọ inú ara wọn: alágbára kan tí a kò rí, tí ń fúnni, tí ń gbà padà, tí kò sì jẹ́ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ẹ wá fi èyí wé "A ti tan jẹ́n." Olùṣe ti yọjú. Àwa ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà yàtọ̀: àwọn ń mú iná wá, àwa ń tan ẹ̀rọ. Bí àlejò bá sì wọlé tí fáànù ń yí, ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Ṣé Nẹ́pà nìyí àbí jẹ́n?" A ti pa Nẹ́pà rẹ́ nínú òfin láti ọdún 2005, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ iná ṣì ń fi bírò kọ sí apá kan ṣéńjóófà. Apá kejì, wọn a kọ "Gen". Àárín àwọn orúkọ méjì yìí ni "wọ́n" ti ń di "àwa", ọwọ́ irin kan ni a sì fi ń yí i.

Kí ẹ́ńjìnnì tó wọ ilé, ìta ni àwọn ará agbègbè yìí ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìlọta àti ìlọ-ẹ̀lùbọ́ ti wà lẹ́bàá ọjà tipẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lo ẹ́ńjìnnì Lister tí wọ́n ń ṣe ní Dursley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé tí ń rìn kiri náà mọ̀ ọ́n. Òṣogbo jẹ́ ibùdó fún púpọ̀ nínú wọn, títí kan ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ àti ti Oyin Adéjọbí, ẹgbẹ́ tí ó bá sì rí jájẹ a máa gbé ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀ dání, kí eré má baà fọ́ ní ìlú tí kò ní iná. Ìnáwó ìsìnkú àti ìgbéyàwó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ àti ayẹyẹ ni ẹ́ńjìnnì wà fún nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn a ká wáyà, wọn a gbé ẹ̀rọ lọ. Kò sí ẹni tí ó ń lu ihò sí ògiri nítorí rẹ̀.

Fèrèsé ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wọlé ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹ̀rọ ńlá tí ó ń lo dísù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, aránṣọ àti onígèrígèrí ni ẹ̀rọ kékeré láti ilẹ̀ Ṣáínà, pàápàá èyí tí a mọ̀ sí TG950, tí kò lè gbé ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ, tí a ní láti po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n sí I-better-pass-my-neighbour, orúkọ tí ó fi ìfigagbága ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lò ó rọrùn: wọn a gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé, wọn a yọ awẹ́ gíláàsì kan lára fèrèsé, wọn a sì na wáyà gba ibẹ̀ wọ pálọ̀. Glóòbù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan, fáànù kan. Ilé kò tíì mọ ẹ̀rọ náà. Àwọn ohun èlò díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n.

Ihò fèrèsé yẹn ni ẹ̀fọn ń gbà wọlé, òun náà ni èéfín ń gbà. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tí ń jáde lára ẹ́ńjìnnì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tí ó bá sì ń sùn kò ní jí láti sá fún un. Nítorí olè, wọn a gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ilé. Nítorí òjò, wọn a gbé e wọ abẹ́ òrùlé. Okùn wáyà kúkúrú náà dá kún un, nítorí bí wáyà bá ṣe gùn tó ni ẹ̀rọ lè jìnnà tó. Nígbà tí a bá ń ka ìròyìn ìdílé tí wọn kò jí mọ́, ó yẹ kí a máa rántí gígùn wáyà.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí kò fi ojú àpá kankan sílẹ̀ lára ògiri, ó sì burú ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ó tó 2.5 kVA dé ọwọ́ ènìyàn, fífi wáyà kan tan glóòbù méjì kò tó mọ́. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo yàrá tàn. Ẹnì kan wá ronú pé bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá lè fúnni ní iná, ó lè gbà á pẹ̀lú. Wọ́n so púlọ́ọ̀gì mọ́ orí wáyà méjèèjì, wọ́n ki ọ̀kan bọ ẹ̀rọ, wọ́n ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri pálọ̀. Gbogbo ilé sì tàn. Ewu àkọ́kọ́ hàn gbangba: bí púlọ́ọ̀gì kejì bá yọ bọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ìka irin tí iná wà nínú rẹ̀ ni ọmọdé yóò gbá mú. Ewu kejì kì í hàn sí onílé rárá. Bí kò bá rántí pa súwíìṣì ńlá tí ó so ilé mọ́ ìlà Nẹ́pà, iná ẹ̀rọ rẹ̀ yóò gba wáyà kan náà jáde lọ sí orí òpó. Tàràńsífọ́mà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àlọ àti àbọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń sọ 11,000 fólítì di 415 fún wa, bẹ́ẹ̀ ni ó lè sọ iná tí ó bá ti ilé wá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì padà. Òtítọ́ ni pé bí ẹ̀rọ bá kéré, ẹrù iná gbogbo àdúgbò lè tètè pa á. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti òṣìṣẹ́ tí ó gun òpó nígbà tí iná ti lọ, tí ó já wáyà ilé kan náà sọ́tọ̀ láti tún un ṣe. Kò sí ẹrù àdúgbò mọ́. Iná 230 fólítì láti inú pálọ̀ ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà lórí òpó ni yóò bá a níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìtàn ẹ̀rọ amúnáwá jẹ́ ìtàn bí ìjọba ṣe kùnà nìkan. Bí a bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, onílé yóò jẹ́ olùfarapa nìkan ṣoṣo nínú ìtàn náà, òṣìṣẹ́ orí òpó yóò sì wà lára "wọ́n" tí a ń bú. Òun gan-an, ọmọ ìlú bíi tiwa ni, tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ilé tí ó wà lórí ìlà náà.

Ṣéńjóófà ni ìdáhùn. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé kò jẹ́ kí orísun iná méjì fi ojú kan ara wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ní ipò mẹ́ta: I fún Nẹ́pà, II fún ẹ̀rọ, 0 ní àárín, níbi tí ilé kò ti so mọ́ èyíkéyìí. Bí a bá so ó dáadáa, láìfù àti niútúrà ni yóò máa gé pọ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbàgbé, nítorí irin kò jẹ́ kí ó gbàgbé. Kí ó tó lè gba iná ẹ̀rọ, ó ti ní láti fi ti òpó sílẹ̀. Ó dáàbò bo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, nítorí bí iná òpó bá dé lójijì tí ó bá ẹ̀rọ lórí wáyà kan náà, ẹ̀rọ ni yóò jóná.

Ṣéńjóófà tún dá àṣà kan sílẹ̀ nínú ilé. Ní ilé tiwa ní Ìkìrun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó wà, ní gíga tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, àwọn méjì péré ló sì ní àṣẹ láti fọwọ́ kàn án: àbúrò bàbá mi tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, àti èmi nígbà tí mo wọ ilé-ìwé gíga. Mo rántí bí mo ṣe máa ń kígbe sí i ní ẹ̀yìnkùlé pé, "Ẹ má tíì tan án, sà, n kò tíì yí i!" Ní ilé oníyàrá púpọ̀ tí àwọn ayálégbé ń gbé, ẹ ó rí ṣéńjóófà kékeré mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí wọ́n tò sára ògiri kan, orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan lábẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ayálégbé ilé kan ti pọ̀ tó ní ọdún 2010 lè ka ihò ìṣó wọn lónìí. Àwọn ilé kan tún fi glóòbù kékeré kan síta, tí wọ́n so kí wáyà tó dé ṣéńjóófà, kí ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ lè mọ̀ pé iná òpó ti dé láìjẹ́ pé ó gbọ́ ariwo "Up NEPA!" láti ojúde. Mo ka glóòbù yẹn sí ọ̀kan lára àwọn ohun èlò tí ó gbọ́n jù ní ilẹ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú rẹ̀.

Ẹnu ìgbaná ni ó dé kẹ́yìn, kò sì tíì pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi òpin sí wáyà tí ń gba fèrèsé wọlé: àpótí tí òjò kò lè wọ̀, tí a kàn mọ́ ògiri ìta, tí wáyà rẹ̀ gba inú ògiri lọ sí apá II ṣéńjóófà. Bí iná bá lọ, a ó gbé ẹ̀rọ jìnnà sí fèrèsé, a ó na okùn rẹ̀ dé ibi àpótí náà, a ó kì í bọ̀ ọ́, a ó sì pa fèrèsé dé. Ìka irin wà lára ògiri, ihò sì wà lórí okùn, tí ó fi jẹ́ pé bí okùn bá yọ, kò sí irin oníná tí yóò hàn síta. Èyí dojú ọgbọ́n púlọ́ọ̀gì olórí méjì dé pátápátá. Àmọ́ bí kò bá sí ṣéńjóófà lẹ́yìn rẹ̀, iná òpó yóò wá dúró sórí ìka irin náà ní ìta, níbi tí ọmọ aládùúgbò ti ń ṣeré. Ìyẹn ni pé ẹnu ìgbaná kò lè dá dúró.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ń mú un bọ̀. Níbẹ̀, ìwé òfin iná tí wọ́n ń pè ní National Electrical Code, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1897, béèrè pé kí ohun kan wà tí kò ní jẹ́ kí iná ẹ̀rọ àti iná ìlú pàdé. Ìjì ni wọ́n ń rà á sílẹ̀ dè, fún ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún. Àwa ń lò ó ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìmọ̀ kò sì pa ewu rẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí òtútù mú iná lọ ní Texas ní oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn ènìyàn kú nínú èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ní ìlú tí òfin pọ̀ sí. Ìṣòro mìíràn ni pé àpótí tí ó bá ti Houston wá sábà máa ń ní ìka mẹ́rin fún iná oníláìfù méjì, 120 àti 240 fólítì, kò sì bá ẹ̀rọ tí a rà ní Òṣogbo mu. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi tipátipá so ó. Èyí tí ó bá iná wa mu ni aláwọ̀ búlúù oníka mẹ́ta, tí ó wà fún 230 fólítì, ní 16 tàbí 32 ámpíà, èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń lò. Òfin ọdún 2015 ti gbé iṣẹ́ yíyẹ irú nǹkan wọ̀nyí wò lé NEMSA lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, ojú oníṣẹ́ iná tí ó so ó ni ojú kan ṣoṣo tí ó sábà máa ń wò ó.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni gbogbo èyí, pé kí ni ó kan ẹ̀kọ́ Yorùbá. Bí a bá lè ka ọ̀nà tí wọ́n gbà gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin gẹ́gẹ́ bí ìtàn, n kò rí ìdí tí a kò fi lè ka àpótí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sì sí àkókò púpọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti nǹkan bí ₦185 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, iná àwọn tí wọ́n pè ní Band A di ₦225 fún ìwọ̀n kan tí ó jẹ́ ₦68 tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó lágbára ra sóólà. Àwọn tí ń gbé pánẹ́ẹ̀lì gun òrùlé ń tú ṣéńjóófà àtijọ́ dànù, àwọn tí ń rẹ́ ògiri sì ń fi sìmẹ́ǹtì dí ihò.

Ilé tiwa náà kò yọ sílẹ̀. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri ẹ̀yìn, mo fi fóònù ya àwòrán ihò tí ó wà lábẹ́ fèrèsé yàrá kejì. Bàbá Kékeré dúró, ó ń wò mí.

"Kí lo fẹ́ fi fọ́tò ihò ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n lu ú ni, sà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ló fọwọ́ ara òun lu ú, ní alẹ́ tí ìyá mi ń rọbí àbúrò mi obìnrin nínú yàrá náà, nítorí agbẹ̀bí kò ríran, ìyá àgbà sì ní wọn kò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún wáyà. Àbúrò mi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Mo kọ ọdún náà sí abẹ́ àwòrán.